Láti Ooru Oṣù Kejì Dé Ìjì Oṣù Karùn-ún: Bí A Ṣe Ń Múra Sílẹ̀ ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Àárín ìgbà tí ọyẹ́ bá lọ sí ìgbà tí òjò bá dúró dáadáa ni ojú ọjọ́ ń le jù fún ará Ìlọrin, Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo, Òmù-Àrán àti gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ooru á kọ́kọ́ mú. Lẹ́yìn ooru, ìjì á dé, á ṣí òrùlé, mọ̀nàmọ́ná á pa màlúù lábẹ́ igi, àgbàrá á sì wọ ilé ẹni tí kò la gọ́tà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró kí ọ̀run ṣú kí wọ́n tó ronú òrùlé. Bí ọ̀run bá ti ṣú, ogún ìṣẹ́jú ló kù, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú tó láti kó aṣọ wọlé. Kò tó láti kan páànù. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni a ti ń ṣe iṣẹ́ ìjì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè

Atẹ́gùn méjì ló pín ọdún wa. Ọ̀kan ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn: ó gbẹ, ó ń ru eruku, òun ló ń mú ọyẹ́ wá. Èkejì ń ti Òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó sì ń gbé omi dání. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró sójú kan. Ní oṣù kìíní, ìtòsí etíkun ló máa ń wà. Láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ó ti gba orí Ìlọrin kọjá sí àríwá. Nígbà tó bá fi di oṣù kẹjọ, ó ti kọjá Sókótó wọ orílẹ̀-èdè Niger.

Ìlọrin jìnnà sí òkun ju 200 kìlómítà lọ, nítorí náà atẹ́gùn òkun tó ń tu ará Èkó lára lọ́sàn-án kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Oòrùn náà sì ń bọ̀ wá sókè orí. Ní nǹkan bí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, ọ̀gangan orí Ìlọrin gan-an ló máa ń gbà kọjá, á sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìparí oṣù kẹjọ. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i kó ri ọ̀pá tó dúró ṣánṣán mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó wò ó ní agogo 12:42 ọ̀sán: òjìji ọ̀pá á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Kì í ṣe agogo méjìlá gan-an ni oòrùn ń dé àárín ọ̀run wa. Ìlà tó wà ní ìwọ̀n 15 ní ìlà-oòrùn lórí àwòrán ayé ni aago Nàìjíríà tẹ̀ lé, Ìlọrin sì wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 4.5, ìyẹn ló fi ń pẹ́ tó ìṣẹ́jú méjìlélógójì. Kí àgbẹ̀, bíríkìlà àti káfíńtà fi èyí sọ́kàn: oòrùn kò tíì rọ̀ ní agogo kan ọ̀sán. Ẹ fi iṣẹ́ tó le jù sí kùtùkùtù, kí ẹ sì wá ibòji láàárín agogo mọ́kànlá sí agogo mẹ́rin.

Ooru méjì ni, ohun tó ń tu ènìyàn lára nínú ọ̀kan kì í ṣiṣẹ́ nínú èkejì

Ooru gbígbẹ ló ń kọ́kọ́ dé, láti oṣù kejì títí di àárín oṣù kẹta. Aṣọ tí a sá á gbẹ kíá, ètè á ṣì máa là, òru á sì tutù díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ooru ọ̀rinrin, ní ìparí oṣù kẹta wọ oṣù kẹrin: òógùn ò ní gbẹ lára, òru àti ọ̀sán á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Láti mọ èyí tó wà níta, ẹ mú ìgò omi tó ti sun inú fíríìjì, kí ẹ gbé e sórí tábìlì níbi tí ibòji wà. Bí ara ìgò kò bá fi bẹ́ẹ̀ rin, atẹ́gùn ṣì gbẹ. Bí omi bá ń ṣàn lára rẹ̀ títí tó fi rin tábìlì, atẹ́gùn òkun ti dé nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ìwọ̀n gidi kó ra tẹmómítà méjì tó jọra, kó fi òwú tó rin bo ìdí ọ̀kan, kó máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí méjèèjì fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí ìyàtọ̀ àárín wọn bá ju ìwọ̀n 10 lọ, ooru gbígbẹ ni. Bí kò bá tó 8, ọ̀rinrin ti wọlé.

Nígbà ooru gbígbẹ, omi ni oògùn. Ẹ fi aṣọ tó rin kọ́ ojú fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ẹ wọ́n omi sí ilẹ̀ ọ̀ọ̀dẹ̀. Bí omi ṣe ń gbẹ ló ń gba ooru kúrò nínú afẹ́fẹ́. Àkókò yìí náà ni ìkòkò méjì tí ọ̀kan wọ inú èkejì wúlò fún títọ́jú tòmátì, ata àti ẹ̀fọ́. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ló tan ọ̀nà yìí ká, ó sì gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ ní ọdún 2000. Ará Ìlọrin kò ní láti rìn jìnnà kí wọ́n tó rí ìkòkò: àwọn amọ̀kòkò wà ní Dada, ní Òkèlèlè. Ẹ ra ńlá kan àti kékeré kan tó lè wọ inú rẹ̀, kí àlàfo ìka méjì sí mẹ́ta wà láàárín wọn yíká. Ẹ da yanrìn sí ìsàlẹ̀, ẹ gbé kékeré lé e, ẹ fi yanrìn kún àlàfo náà, kí ẹ sì máa bu omi sí yanrìn láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Aṣọ tó rin ni ìdérí. Bí kò bá tutù, ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò: bóyá wọ́n kun ìkòkò ní ọ̀dà tí omi ò fi lè yọ síta, bóyá ó wà nínú yàrá tí atẹ́gùn ò dé, tàbí bóyá ọ̀rinrin ti dé. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rinrin, ẹ kó o tì di ọdún tó ń bọ̀.

Tí ooru ọ̀rinrin bá ti wọlé, aṣọ tútù lójú fèrèsé á kàn sọ yàrá di ibi tó ń rùn ni. Atẹ́gùn tó ń rìn ni ara ń fẹ́ nígbà náà. Ẹ ti fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ láti agogo mẹ́wàá títí di agogo márùn-ún, kí ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì. Bí yàrá bá ti gbóná ju ìwọ̀n 35 lọ, fáànù tó ń fẹ́ sí ara gbígbẹ ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ara lóore. Ẹ fi omi pa ara, apá àti ọrùn, kó tó máa fẹ́ sí i. Ọ̀dà funfun lórí páànù tún ń dín ooru inú ilé kù gan-an.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn kó máa mu ife omi kan ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, kó má dúró de òùngbẹ. Bí ìtọ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, omi ti dín lára. Fún ẹni tó ti làágùn púpọ̀, tàbí ọmọ tó ń ṣu omi, ẹ po omi iyọ̀ àti ṣúgà: píọ̀ wọ́tà méjì tó jẹ́ 50cl, ìyẹn lítà kan, ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà tí a rẹ́ lórí, ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀ tí a rẹ́ lórí. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu fún ọmọdé, nítorí náà ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ.

Ààwẹ̀ Ramadan ti ń bọ́ sínú ooru yìí láti bí ọdún mélòó kan. Ẹ pín omi mímu káàkiri láti ìgbà ìṣínu títí di sààrì, ife kan ní wákàtí kan sàn ju kí ènìyàn gbé lítà méjì mu ní sààrì. Ara á tọ̀ ọ́ dànù ni. Àgbàlagbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí oṣù tó wọlé.

Bí ẹni tó wà nínú ooru bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, tí kò mọ ibi tó wà, tàbí tí gìrì mú un, ooru ti wọ ọpọlọ. Èyí kì í ṣe àárẹ̀ lásán, ó ń pa ènìyàn. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ. Bí yìnyín bá wà, ẹ fi sí abíyá, ọrùn àti ìtan. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu bí kò bá jí sáyé. Ẹ máa tutù ú lọ bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má ṣe dúró kó dé ibẹ̀ kí ìtutù tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tó yàtọ̀ sí èyí: ibà tó bá ọrùn líle wá, tí ojú ẹni náà ò sì fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe ti oòrùn. Ìgbà ooru àti eruku ni àrùn awọ ọpọlọ ń jà. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ó dé ọsibítù.

Ẹ máa wo ìlà-oòrùn

Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni omi inú òjò wa ti ń wá, ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn ni ìjì fúnra rẹ̀ ti ń rìn bọ̀. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ ní kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin sókè, láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, ló ń darí rẹ̀. Ará Ìlọrin kó wo ọ̀nà Ìgbájà, ará Ọ̀fà kó wo ọ̀nà Òmù-Àrán, ará Òmù-Àrán kó wo ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀. Ìkúùkùu dúdú ní ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ kì í sábà dẹ́rù ba ará Ìlọrin. Ó ti kọjá lọ ni.

Bí ọjọ́ ìjì ṣe ń rí nìyí. Ooru á mú láti àárọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sán, ìkúùkùu funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Bí orí rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì nà síwájú, ó ti di ìkúùkùu àrá. Atẹ́gùn á wá dákẹ́, ewé ò ní mì. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀run, àwọ̀ dúdú á nà láti àríwá dé gúúsù. Bí atẹ́gùn tútù bá yí padà lójijì láti ìlà-oòrùn, tí eruku pupa gbéra, òjò ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù.

Atẹ́gùn tútù yẹn ló ń ṣí òrùlé, ó sì ń ṣáájú òjò. Ìdí tó fi le ní oṣù kẹta sí karùn-ún ju oṣù kẹsàn-án lọ ni pé afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ ìkúùkùu ṣì gbẹ. Òjò tó ń bọ̀ nílẹ̀ á gbẹ dànù lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ tó gba inú rẹ̀ á tutù, á wúwo, á já wálẹ̀, á sì tàn káàkiri bí omi tí a dà sórí pèpéle. Ní oṣù kẹsàn-án, gbogbo afẹ́fẹ́ ti rin. Òjò á pọ̀ jù, ìjì á sì kéré.

Irú ìjì báyìí máa ń rìn tó 50 sí 60 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí mọ̀nàmọ́ná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá á fi sán, kí ẹ pín in sí mẹ́ta: iye kìlómítà nìyẹn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá jẹ́ kìlómítà mẹ́wàá, ìyẹn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó dé orí yín. Lálẹ́, bí ìmọ́lẹ̀ bá ń kọ ní ìlà-oòrùn láìsí ohùn, ìjì náà ṣì jìnnà, nítorí àrá kì í sábà dún kọjá kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Àmọ́ kí ẹ tó sùn, ẹ kó ohun tó yẹ wọlé.

Òṣùmàrè náà ń sọ̀rọ̀. Òdìkejì oòrùn ló máa ń yọ. Bí ẹ bá rí i ní ìlà-oòrùn nírọ̀lẹ́, òjò tó ń rìn bọ̀ ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i ní ìwọ̀-oòrùn láàárọ̀, òjò tó ti kọjá ni.

Ohun tí ogún ìṣẹ́jú tó fún, bí a ṣe ń tẹ̀ lé e:

1. Ẹ pe ọmọdé wọlé, ẹ ka iye wọn.
2. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì tẹlifíṣàn, fíríìjì, àti wáyà tó bá ti orí òrùlé wá. Ẹ ṣe é kí àrá tó sún mọ́ tòsí. Bí ó bá ti ń sán lórí ilé, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.
3. Ẹ kó ohun tó lè fò kúrò níta: páànù àlòkù, korobá, àga ike, bọ́ọ̀dù ìpolówó. Páànù tó ń fò ń gé ènìyàn.
4. Ẹ ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn ìhà ìlà-oòrùn kọ́kọ́. Bí atẹ́gùn bá wọlé láti ibẹ̀ tí kò ríbi jáde, á gbé òrùlé láti inú.
5. Ẹ gbé mọ́tò kúrò lábẹ́ igi máńgòrò àti lábẹ́ wáyà iná.

Jẹnẹrétọ̀ ò sí nínú ohun tí à ń gbé wọlé. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti kú nítorí pé òjò dé tí wọ́n gbé e sí kọ́ríídọ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́. Èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tí ènìyàn lè fi mọ̀ pé ó ń pa òun. Ẹ pa á, ẹ bò ó síta.

Òrùlé

Níbí ni kí owó àti àkókò wà. Ní oṣù kejì, kí òjò tó dé, ẹ mú káfíńtà gun orí ilé, kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ máa bi í.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìdè. Lọ́pọ̀ ilé, òrùlé kàn jókòó lórí ògiri ni. Páànù àti igi á wà papọ̀, ìjì á sì gbé gbogbo rẹ̀ lódindi sọ sí ilé kejì. Kí wọ́n de pákó tó sùn lórí ògiri mọ́ ògiri fúnra rẹ̀, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tàbí báìǹdìn wáyà oníṣẹ́po mélòó kan tó wọ ìsàlẹ̀ búlọ́ọ̀kù méjì, ó kéré tán, ní gbogbo mítà kan. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n de igi òrùlé kọ̀ọ̀kan mọ́ pákó náà. Ìṣó tí a kàn láti òkè nìkan ò tó: ibi tí ìṣó wọ̀ náà ni ìjì ń fà á gbà jáde. Lórí ilé amọ̀ àtijọ́, níbi tí búlọ́ọ̀kù ò sí, kí wọ́n lu ògiri já ní nǹkan bí ìdajì mítà sísàlẹ̀ orí rẹ̀, kí wọ́n gba wáyà kọjá, kí wọ́n so ó mọ́ igi kúkúrú tó sùn lára ògiri níta kí wáyà má bàa gé amọ̀.

Ohun kejì ni ìṣó páànù. Ìṣó onífìlà tó ní rọ́bà ni kí ó jẹ́. Orí gegele páànù ni a ń kàn án sí, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ tí omi ń gbà ṣàn. Ní etí òrùlé, ní ibi tí páànù ọ̀tún àti ti òsì ti pàdé lókè, àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ilé, gegele kan bẹ́ẹ̀, ìkejì bẹ́ẹ̀kọ́, ni kí ìṣó wà. Ní àárín, ọ̀kan lórí gegele mẹ́ta tó. Etí ni ìjì ti ń bẹ̀rẹ̀, owó ìṣó tí ẹ bá fẹ́ fi pamọ́ kó má jẹ́ níbẹ̀. Pákó 2×3 tí a kan páànù mọ́ kò gbọdọ̀ jìnnà síra ju 90 sẹ̀ǹtímítà lọ bí páànù bá fẹ́lẹ́.

Ẹ wo ìṣó àtijọ́. Èyí tó ti yọ díẹ̀, ẹ má kàn án padà sínú ihò kan náà, kò ní dì mú. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi síkúrù òrùlé tó gùn jù ú lọ sí i, tàbí kí ẹ kan tuntun sí gegele tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì dí ihò àtijọ́. Igi tí ikán ti jẹ kò ní gba ìṣó kankan. Ẹ fi ọ̀bẹ gún un: bí ó bá wọlé láìsí wàhálà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá ń kọ́ òrùlé tuntun, ìhà ìwọ̀-oòrùn ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ páànù, kí wọ́n máa bọ̀ wá sí ìlà-oòrùn. Báyìí, páànù ìlà-oòrùn á bo èyí tó wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹnu ibi tí wọ́n ti gun ara wọn á sì kẹ̀yìn sí ìjì. Bí wọ́n bá ṣe é sódì, atẹ́gùn á wọ abẹ́ rẹ̀, òjò á sì tẹ̀ lé e. Gegele méjì ni kí wọ́n fi gun ara wọn. Etí tó yọ síta kọjá ògiri kó má ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí wọ́n sì fi pákó dí abẹ́ rẹ̀. Òrùlé báránńdà ni ìjì máa ń kọ́kọ́ mú. Ó sàn kí igi rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀ sí ti ilé, kí ó má bàa fa gbogbo ilé lọ bí ó bá ṣí.

Òkúta tàbí táyà tí a gbé sórí páànù kì í ṣe ìdè. Ìjì tó lè ṣí páànù lè gbé táyà, ẹni tó bá bọ́ lé lórí ló máa san gbèsè rẹ̀.

Mọ̀nàmọ́ná

Bí ìṣẹ́jú àáyá láàárín ìmọ́lẹ̀ àti ohùn kò bá tó ọgbọ̀n, ẹ wọlé. Ẹ má jáde títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á fi kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ tí mọ̀nàmọ́ná ń pa, òjò kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, tàbí òjò ti dá. Bí yìnyín bá bọ́, tí àwọn ọmọ ń fẹ́ sáré lọ ṣa á, ẹ dá wọn dúró: ìkúùkùu tó ń rọ yìnyín ni àrá rẹ̀ le jù.

Inú ilé oníbúlọ́ọ̀kù tàbí inú mọ́tò onírin tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì dára. Ahéré oko àti abẹ́ igi kò dára. Bí mọ̀nàmọ́ná bá kọlu igi, agbára rẹ̀ á gba inú ilẹ̀ tàn káàkiri, á gba ẹsẹ̀ kan wọlé, á gba ẹsẹ̀ kejì jáde. Ẹsẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn màlúù jìnnà síra, ìdí nìyẹn tí agbo fi ń kú pọ̀ lábẹ́ igi kan. Kí àwọn darandaran tú ẹran ká kúrò lábẹ́ igi kí àrá tó sún mọ́. Ẹni tí ìjì bá ká mọ́ gbangba oko kó ju ọkọ́ àti àdá sílẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tó rẹlẹ̀, kó lòṣó kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ara wọn. Kó má dùbúlẹ̀.

Iná kì í kù lára ẹni tí mọ̀nàmọ́ná bá kọlù. Ẹ lè fọwọ́ kàn án láìbẹ̀rù. Bí kò bá mí, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹnì kan pe 112, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì. Ẹ má dá dúró kíákíá. Ọ̀pọ̀ ọkàn tí mọ̀nàmọ́ná dá dúró máa ń padà ṣiṣẹ́.

Àgbàrá

Odò Asa gba àárín Ìlọrin kọjá, Agba, Àlùkò, Okun, Àlálùbọ́sà àti Ọ̀ṣẹ̀rẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Gọ́tà tí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dí ló ń sọ òjò wákàtí kan di omíyalé. Ẹ là á ní oṣù kẹta, kí ẹ sì kó ẹrẹ̀ rẹ̀ dànù lọ́jọ́ kan náà. Ẹrẹ̀ tí a kó sí etí gọ́tà, òjò àkọ́kọ́ á dá a padà. Bí ẹ bá fẹ́ fi àpò yanrìn dí ẹnu ọ̀nà, ẹ bu yanrìn dé ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí ẹ ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ sábẹ́, kí ẹ tò ó bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àpò tó kún dẹ́nu kì í dì mọ́ ìkejì rẹ̀.

Omi tó ń sáré tó bá ti dé àárín ojúgun lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lè gbé mọ́tò kékeré léfòó. Ẹni tó ń wa ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ Màrúwá kò gbọdọ̀ dán an wò rárá, pàápàá lálẹ́, nítorí kò sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá títì ṣì wà lábẹ́ omi. Bí wáyà iná bá já sílẹ̀ lẹ́yìn ìjì, ẹ jìnnà sí i ní mítà mẹ́wàá, kódà bí iná bá ti lọ: wọ́n lè mú un padà nígbàkigbà.

Omi òjò àti ìgbà tí a lè gbìn

Mílímítà òjò kan lórí mítà kan níbùú lóròó òrùlé jẹ́ lítà omi kan. Òrùlé tó jẹ́ mítà mẹ́wàá sí mẹ́wàá, tí òjò 20 mílímítà rọ̀ sí, á fún yín ní nǹkan bí 1,600 lítà lẹ́yìn tí a bá yọ èyí tó ta dànù, ìyẹn dúróòmù mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀ṣọ̀rọ̀ ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lọ, eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu dúróòmù kí ẹ̀fọn má bàa yé sí i.

Àgbẹ̀ tó fẹ́ gbin àgbàdo kó fi agolo mílíìkì ńlá tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán wọn òjò. Ẹ gbé e sí gbangba, kí ó jìnnà sí igi tàbí ilé ní ìlọ́po méjì gíga wọn, kí ẹ ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa gbé e. Ní agogo méje àárọ̀ lójoojúmọ́, ẹ fi rúlà wọn omi inú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ dà á nù. Sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ mílímítà mẹ́wàá.

Òjò kan tó pariwo ní oṣù kẹta kò tíì tó. Ó lè rọ̀ gan-an, kí ọ̀gbẹlẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì sì tẹ̀ lé e, kí àgbàdo tó hù kú. Ẹ dúró títí àròpọ̀ òjò ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tó tẹ̀ léra á fi tó 20 sí 25 mílímítà, kí ẹ sì wo àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdún tí NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, máa ń gbé jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ wò: bí ó bá rin dé ìsàlẹ̀ tó 15 sẹ̀ǹtímítà, tí amọ̀ rẹ̀ ṣù nígbà tí ẹ fún un lọ́wọ́, ẹ gbìn. Bí ìsàlẹ̀ bá ṣì jẹ́ eruku, ẹ jẹ́ kí irúgbìn wà nínú àpò títí òjò míì á fi rọ̀.